Ìlà Kan Ṣoṣo Kò Ṣeé Kà

Àwòrán kan wà tó máa ń yọjú nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo pépà tó bá sọ̀rọ̀ nípa ègé ọpọlọ lórí àwo electrode. Lápá òsì, fọ́tò ègé ọpọlọ eku kan ló nà gbalaja lórí àmì dúdú kéékèèké 64, mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóròó. Lápá ọ̀tún, àpótí 64 ni, ìlà tín-ín-rín kan sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìlà kan rì wálẹ̀, àwọn mìíràn fò sókè, àwọn kan ò tilẹ̀ mira. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbólóhùn kúkurú kan wà tó ń sọ fún wa pé iṣẹ́ synapse la ń wò, ìyẹn oríta tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí èkejì.

Àwa tí a máa ń ka ewì àti ìtàn àròsọ níbí, àwòrán yẹn la fẹ́ kà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Àwòrán náà ní òǹkọ̀wé, ó ní ohun tó sọ, ó ní ohun tó fi pamọ́, ó sì ní àwọn tó ń ṣì í kà káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Àwọn tó ń ṣì í kà yìí ló jẹ́ ká dá sí i. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti rí àkọlé pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí ibi tí ìrántí ń gbé, tàbí pé ọpọlọ inú àwo ti ń ta géèmù? Ìlà kan, tàbí ọ̀pọ̀ ìlà, ló wà nídìí irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló kà á, ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó bá di ìròyìn.

Ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á pa eku, wọ́n á yọ ọpọlọ rẹ̀ kíákíá, wọ́n á sọ ọ́ sínú omi tó tutù bíi yìnyín, ẹ̀rọ kan tí abẹ rẹ̀ ń gbọ̀n á wá gé e sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan sábà máa ń nípọn tó 300 sí 400 máíkírómítà, ìyẹn ni pé kò tó ìdajì mílímítà. Omi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí kì í ṣe omi lásán: oríṣiríṣi iyọ̀ wà níbẹ̀, ṣúgà wà níbẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láìdáwọ́ dúró, ọ́síjìn ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, carbon dioxide ìdá 5. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan kó lè sinmi, nítorí ojú abẹ kì í ṣe ojú rere. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àwo gíláàsì tí wọ́n ti tẹ àwọn ojú irin kéékèèké sí nísàlẹ̀. Àwọn ojú irin yìí ni electrode. Bí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, ègé náà á wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á sì máa ránṣẹ́ síra wọn.

Eku ti kú o. Ègé ló wà láàyè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní 1966, Chosaburo Yamamoto àti Henry McIlwain fi hàn ní London pé ègé tí wọ́n gé lára ọpọlọ guinea pig, tí wọ́n sì tọ́jú sínú omi báyìí, ṣì ń dáhùn bí wọ́n bá ta iná sí i. Ní 1972, Charles Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ electrode 30 sórí gíláàsì ní ẹsẹ méjì, wọ́n sì gbin sẹ́ẹ̀lì ọkàn ọmọ adìyẹ lé e lórí. Àwọn kan ní ègé, àwọn kan ní àwo. Ó pẹ́ díẹ̀ kí méjèèjì tó di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Nínú gbogbo pépà tó so wọ́n pọ̀, èyí tí àwa fẹ́ràn jù jáde ní 1999, láti ọwọ́ Hiroaki Oka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan. Àkọlé rẹ̀ kò dún rárá: ó ní òun mú àwo electrode tuntun wá, òun sì lò ó fún ègé hippocampus. Ó tán. Hippocampus ni apá ọpọlọ tí gbogbo ayé ń wá ìrántí lọ síbẹ̀, àmọ́ kò sí ìrántí nínú àkọlé Oka. Ó ní àwo náà lè ta iná, ó lè gba iná, ohun tó gbà dúró déédéé fún wákàtí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìbéèrè tí àwo olójú púpọ̀ lè dáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: bí synapse bá lágbára sí i, níbo lórí ègé yìí ló ti ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè "níbo" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ẹ mú ìlà kan nínú 64 náà, ẹ sún mọ́ ọn. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú yín máa bá ni ìlà gàgàrà kan tó fò sókè tó sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ga ju gbogbo nǹkan yòókù lọ. Òǹkàwé tuntun á ní, "Áà, ọpọlọ rèé!" Rárá o. Iná tí olùwádìí fúnra rẹ̀ ta sí ègé náà ni. Ẹni tó pariwo jù lójú ìwé yẹn kì í ṣe ọpọlọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kòtò kékeré kan máa ń wà tí ojú lè fò dá: àwọn okùn sẹ́ẹ̀lì tí iná náà bà, tí wọ́n ń gbé e lọ síwájú, ló gbẹ́ ẹ. Ó di mílísẹ́kọ́ǹdì díẹ̀ sí i kí ìlà tó wá rọra rì wálẹ̀, kó sì tún rọra máa gòkè padà. Kòtò fífẹ̀ yìí la torí ẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni àwọn synapse ti gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wọn. Jíjìn rẹ̀ kì í sábà ju mílífóòtì kan tàbí méjì lọ. Bátìrì kékeré tó wà nínú rìmóòtù ilé yín, mílífóòtì 1,500 ni.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé synapse ló ṣe kòtò fífẹ̀ yẹn? Wọn kì í kàn wò ó lójú. Wọ́n á da oògùn kan tó ń jẹ́ CNQX sínú omi náà. Glutamate ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, CNQX sì máa ń dí ilẹ̀kùn tí glutamate ń kàn níbi tí iṣẹ́ ń dé sí. Bí kòtò fífẹ̀ bá pòórá, tí kòtò kékeré tó ṣáájú rẹ̀ sì dúró bó ṣe wà, a jẹ́ pé iṣẹ́ ṣì ń lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbà á. Ìgbà yẹn lẹ lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tó wù wá nínú iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí nìyẹn: wọ́n ń fi oògùn pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú gbólóhùn, kí wọ́n lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe níbẹ̀. Ìwọ̀nba alárìíwísí lítíréṣọ̀ ló ń ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, ká má purọ́.

Ó wá ku ibi tó dùn jù. Bí synapse bá gba iṣẹ́, àwọn èròjà bíi sodium, tó ru iná póṣítífù, á rọ́ wọ inú ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì. Póṣítífù á wá dín kù níta, níbi tí electrode wà, ìlà á sì rì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tó wọlé kò lè máa gbé inú ilé, ó gbọ́dọ̀ jáde níbìkan. Nínú hippocampus, ó sábà máa ń jáde nítòsí ibi tí ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka wọn ló gbà á wọlé. Electrode tó bá wà lábẹ́ ibẹ̀ á rí òdìkejì: ìlà tirẹ̀ á gòkè. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, lákòókò kan náà, nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà. Electrode kan ní ó lọ sílẹ̀, èkejì tí kò jìnnà sí i tó ìdajì mílímítà ní ó lọ sókè. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá kò yẹ kí èyí yà á lẹ́nu. Ẹ tẹ "opolo" sórí fóònù yín láìfàmì sí i. Ṣé ọpọlọ tó wà lórí ni, àbí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò létí odò? Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò lè sọ fún yín. Bí ọ̀rẹ́ yín bá kọ "opolo mi o sise mo" sí yín lóru, ẹ mọ èyí tó ń wí, torí pé àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló fi hàn yín. Ìlà electrode kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí kò lámì ohùn ni. Àwọn 63 tó kù ni gbólóhùn tó yí i ká. (Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀bùrú díẹ̀: ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni Luigi Galvani fi ṣe ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1791, tí ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé iná wà nínú ẹran ara. Láti ọ̀pọ̀lọ́ dé ọpọlọ! Àwọn kan á ní àkèré ni, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jẹ̀gbádùn tiwa.)

Kí àwo tó dé, àwọn olùwádìí mọ ìṣòro yìí. Wọ́n máa ń fi electrode gíláàsì kan ṣoṣo gún ibì kan, wọ́n á kọ ohun tó rí sílẹ̀, wọ́n á tì í síwájú díẹ̀, wọ́n á tún ta iná, wọ́n á tún kọ. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ohun tí àwo yìí fi kún un ni pé ojú 64 là lẹ́ẹ̀kan náà, iná kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ rí. Nítorí náà, bí pépà kan bá lo ojú 64, tó wá kó ìlà kan ṣoṣo wá fún wa, tí kò sì sọ ibi tí electrode náà wà lábẹ́ ègé, ó ti da àmì ohùn nù lẹ́yìn tó sanwó rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí "gbígbọ́". Àwọn akọ̀ròyìn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: wọ́n á ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbọ́ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń sọ̀rọ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ eré lásán. Lédè tiwa, ewu wà níbẹ̀. À ń gbọ́ ohùn, à ń gbọ́ òórùn, ọmọ tó gbọ́ràn ti ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ẹni tó gbọ́ Faransé sì ni ẹni tó yé. Bí a bá kọ ọ́ pé electrode "gbọ́" synapse, a ti fi òye kún un láìmọ̀. Electrode kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàtọ̀ ló ń wọ̀n, láàárín ibi tó wà àti ibòmíràn tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n nínú omi kan náà. Kì í sì í ṣe sẹ́ẹ̀lì kan ló ń wọ̀n.

Ẹ ronú nípa ìjọ tó kún fọ́fọ́. Pásítọ̀ gbàdúrà tán, gbogbo ìjọ ní "Àmín!" Ẹni tó wà níta gbọ́ Àmín kan ṣoṣo. Kò mọ ẹni tó ṣe é tọkàntọkàn, kò mọ ẹni tó kàn mi ètè, kò mọ ẹni tó ń sùn. Bó ṣe rí pẹ̀lú kòtò fífẹ̀ yẹn nìyẹn: olùwádìí ta iná, ọ̀pọ̀lọpọ̀ synapse dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, electrode wọn àpapọ̀ wọn. Ká wá ní lẹ́yìn wákàtí kan, Àmín náà ròkè sí i. Ṣé èèyàn tuntun wọlé ni, àbí àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló gbóhùn sókè? Ẹni tó wà níta kò lè fi etí nìkan dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn onímọ̀ fi jà lórí ìbéèrè yìí gan-an: bí synapse bá lágbára sí i, ṣé ẹ̀gbẹ́ tó ń ránṣẹ́ ló ń rán púpọ̀ sí i, àbí ẹ̀gbẹ́ tó ń gbà á ló ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀ sí i? Jíjìn ìlà nìkan kò lè dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ pépà máa ń ṣe ni pé wọ́n á pe ti ìbẹ̀rẹ̀ ní 100, wọ́n á wá sọ fún wa pé ó ti di 150. Àwa ń ka 150, a ń rò pé a ti mọ nǹkan. Ìwọ̀n Àmín la mọ̀, a ò tíì mọ ìjọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń bí wa nínú nínú àwọn pépà wọ̀nyí, àwọ̀ ni. Ẹ ó rí i tí wọ́n á kó ohun tí electrode 64 wọ̀n, wọ́n á sọ ọ́ di àwòrán aláwọ̀ pupa àti búlúù tó ń ṣàn bí omi lórí ègé. Ó rẹwà, kò sírọ́ ńbẹ̀. Irú rẹ̀ ló ń di èyí tí gbogbo wa ń pín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ojú 64 péré ló wọ̀n nǹkan. Àlàfo tó wà láàárín wọn, tó lè jẹ́ 150 máíkírómítà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó wò ó. Kọ̀ǹpútà ló ṣírò ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, tó wá fi àwọ̀ kún un. Ìṣirò náà bójú mu, a kò sọ pé ẹ̀tàn ni. Ohun tí à ń sọ ni pé púpọ̀ jù lọ nínú àwòrán yẹn, àbá ni. Òǹkọ̀wé tó bá jẹ́ olóòótọ́ á fi àmì 64 náà sílẹ̀ lórí àwọ̀, ká lè mọ ibi tí a ti wọ̀n àti ibi tí a ti méfò. Ọ̀pọ̀ wọn ń pa á rẹ́, torí pé kò ní jẹ́ kó rẹwà mọ́.

Ẹ tún wo gbólóhùn kékeré náà pé ìlà tí à ń wò jẹ́ "aṣojú". Aṣojú ta ni? Ta ló dìbò yàn án? Olùwádìí ló wo gbogbo ìlà rẹ̀, tó mú èyí tó dára jù nínú wọn. Àwọn àwo tuntun tiẹ̀ ń mú ọ̀rọ̀ yìí le sí i. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní MaxOne, electrode 26,400 ló wà lórí rẹ̀, ó sì lè ka 1,024 nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ojú ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára ẹni tó ń yan èyí tí a máa rí ń pọ̀ sí i. A ò tíì rí ẹni tó ń kọ àríwísí nípa yíyàn yìí bó ṣe yẹ.

Orí MaxOne yẹn náà ni a ti bá àkọlé tó dá wàhálà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sí Oslo ná, ká lè fi méjì wéra.

Ní 1973, Tim Bliss àti Terje Lømo tẹ pépà kan jáde nínú Journal of Physiology, lórí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ní iléeṣẹ́ ìwádìí Per Andersen ní Oslo. Kì í ṣe ègé ni wọ́n lò, odindi ehoro tí wọ́n ti fi oògùn kùn lóorun ni, bẹ́ẹ̀ kò sí àwo olójú 64 nígbà náà. Wọ́n ta iná léraléra fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí ọ̀nà kan tó wọ hippocampus, ìdáhùn àwọn synapse tó wà níbẹ̀ sì lágbára sí i, láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí dé wákàtí mẹ́wàá. Kò sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi ojú wo pépà yìí lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń lo ègé gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ wọn, òun náà sì ni Oka wá lọ wá "níbo" rẹ̀ ní 1999. Ẹ wo àkọlé Bliss àti Lømo: ó sọ pé agbára náà pẹ́, ó sọ apá ọpọlọ, ó sọ pé ehoro ni, ó sọ pé ehoro náà ń sùn, ó sọ ọ̀nà tí wọ́n gba iná wọlé. Ó gùn, ó súni. Kò sí ìrántí níbẹ̀. Nínú pépà náà, wọ́n gbà pé irú nǹkan yìí lè wúlò fún ìtọ́jú ìmọ̀ sínú ọpọlọ, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń parí, wọ́n ní bóyá ẹranko tó ń rìn káàkiri ń lò ó nínú ayé rẹ̀ ní ti gidi, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Fún àwa, ìparí yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Wọ́n mú wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìrántí, wọ́n fi ilẹ̀kùn hàn wá, wọn ò sì sọ pé àwọn ti wọlé.

Ní 2022, Brett Kagan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láti Cortical Labs ní Melbourne, tẹ tiwọn jáde nínú jọ́nà Neuron. Kì í ṣe ègé ni tiwọn náà. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbìn sórí àwo electrode ni, nǹkan bí 800,000, àwọn kan láti ara eku, àwọn kan láti ara èèyàn. Wọ́n so ó mọ́ géèmù Pong. Àwọn electrode kan ń ta iná tó ń sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, wọ́n sì ń ka iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì láti apá mìíràn lórí àwo náà láti fi ti pákó ìgbábọ́ọ̀lù sókè tàbí sísàlẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá lù ú, iná tó létò ni sẹ́ẹ̀lì á gbà. Tí kò bá lù ú, iná játijàti ni. Wọ́n ní láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àmì ìkẹ́kọ̀ọ́ ti hàn. Àkọlé wọn wá sọ pé sẹ́ẹ̀lì inú àwo kọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi sentience hàn.

Nínú pépà náà, wọ́n ṣàlàyé pé ohun tí àwọn ń pè bẹ́ẹ̀ kò ju pé kí nǹkan máa yí ara rẹ̀ padà láti dáhùn sí ohun tó ń bà á. Ó dáa. Àmọ́ ẹ gbìyànjú ká túmọ̀ àkọlé yẹn sí Yorùbá. Ìmọ̀lára ni ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó bá ka "ìmọ̀lára" kò ní lọ wá àlàyé tó wà nínú pépà náà. Ó máa rò pé nǹkan ń dun àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, tàbí pé inú wọn ń dùn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ púpọ̀ kọ̀wé sí jọ́nà kan náà láti sọ pé àwọn kò gbà, pé ọ̀rọ̀ ńláńlá wọ̀nyẹn ju ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lọ. A wà lẹ́yìn wọn. Ìwádìí náà dára ju àkọlé rẹ̀ lọ, ìyẹn ló sì dùn wá jù. Tiwa kọjá ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: àwọn olùwádìí ló pinnu pé apá ibí lórí àwo ni "òkè", apá ọ̀hún ni "ìsàlẹ̀". Àwọn ló kọ ìwé atúmọ̀ èdè. Sẹ́ẹ̀lì ṣe ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe, wọ́n ṣí ìwé atúmọ̀ èdè náà, wọ́n ní ó ta géèmù. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan ńlá wà níbẹ̀ o. Àmọ́ níbo? Àwo tó ní ojú 26,400 yẹ kó lè sọ ibi tí àyípadà náà ti ṣẹlẹ̀ ju kó sọ pé bọ́ọ̀lù pẹ́ lórí pákó lọ.

Kí ló kàn wá? Ẹ jẹ́ ká padà sórí ègé. Ègé tó wà láàyè lẹ́yìn tí eku kú, ohun tó sọ fún wa ní ààlà. Abẹ ti gé àwọn okùn tó so ó mọ́ ojú, mọ́ etí, mọ́ ẹsẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ibi tí abẹ gbà kọjá ti kú tàbí kí wọ́n máa kú lọ, electrode tó tẹ́jú sì ń fara kan àwọn yẹn gan-an kó tó gbúròó àwọn alààyè tó wà lókè wọn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ṣe electrode tó ní ṣóńṣó, kó lè gún kọjá àwọn òkú, tí àwọn mìíràn sì lu àwo nihò kí omi àti ọ́síjìn lè gba ìsàlẹ̀ wọlé. Pépà tó bá sọ èyí fún wa kedere, a máa ń gbà á gbọ́ sí i.

Wọ́n tún ń lo ègé láti wádìí wárápá. Wọ́n á yọ magnesium kúrò nínú omi náà, tàbí kí wọ́n da oògùn kan tó ń jẹ́ 4-AP sí i, gbogbo ìlà 64 á bẹ̀rẹ̀ sí í jà gìrìgìrì, wọ́n á wá dán oògùn wò bóyá ó lè pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn mìíràn ń lo ègé ọpọlọ èèyàn, èyí tí dókítà yọ nígbà iṣẹ́ abẹ fún alárùn wárápá tí oògùn kò ràn lọ́wọ́, tí ẹni náà sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lò ó. Iṣẹ́ iyì ni, a kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ bí irú iṣẹ́ yìí bá di ìròyìn, ohun tí ẹ ó kà ni pé oògùn kan "dá wárápá dúró". Wárápá ta ni? Nínú ègé, kò sẹ́ni tó ṣubú, kò sẹ́ni tó géhín jẹ, kò sí ìyá tó ń wá ṣíbí. (Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu o, ewu ni.) Ẹni tí àbúrò rẹ̀ ń lo oògùn lójoojúmọ́ ló ń ka àkọlé yẹn lórí fóònù. Kò rí ègé, kò rí magnesium tí wọ́n yọ. Ìrètí ló rí. Ọ̀rọ̀ tó kúrò nínú àkọlé, òun ló jẹ ẹ́ níyà.

Bí a bá wá fẹ́ kọ nípa iṣẹ́ yìí lédè tiwa, a ní àǹfààní kan tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ nù: a kò tíì yan ọ̀rọ̀ tán. Ohun tí Bliss àti Lømo rí, tí wọ́n ń pè ní LTP báyìí, àwọn kan ti ń dábàá "ìrántí synapse" fún un. A kò fara mọ́ ọn. "Ìfúnlágbára ọlọ́jọ́ pípẹ́" la ó máa kọ. Ó gùn, kò dùn lẹ́nu, àmọ́ ohun tí wọ́n wọ̀n ló sọ. Fún "recording", dípò "gbígbọ́" tàbí "gbígbohùn sílẹ̀", a ó kọ "wíwọn iná". Sentience ṣì wà nílẹ̀, a kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún un tí kò ní fi ìrora tàbí ayọ̀ sára sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá ní èyí tó dára, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́ fàmì sí i.